Ìlú Jókòó-Ná, Níbi Tí Èènì Ti Ń Ṣáájú Ọjà

Ta ló gbé ẹmu yìí wá? Ìwọ ni, Bánjókò? Ó dáa, kọ́kọ́ bu díẹ̀ mu kí n fojú rí i. Gbé e mì. Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ará ilé mi, kì í ṣe pé mo kà yín sí ọ̀tá. Ojú mi ló rí nǹkan. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ń fún mi ní nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò, n kì í wo nǹkan náà. Ẹ súnmọ́ ìdí igi ọsàn yìí níbi tí òjìji wà. Baba Súfíánù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn mi, ọta wà nínú rẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́jìmí. Àwọn ẹfọ̀n Igbó Atọ́ka a máa fi orúkọ mi dẹ́rù ba ọmọ wọn tí kò bá fẹ́ sùn. Mo pàdé Ikú rí lójú ọ̀nà odò kan, mo ní kó yà fún mi nítorí ẹrù wà lórí mi, ó sì yà. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi Ikú léèrè, kó padà wá sọ fún wa. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ lónìí yìí, ìbọn kò ràn mí lọ́wọ́, oògùn kò sì ràn mí lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ìyá wa ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Ọmọ méjì péré ló bí, èmi àti àbúrò mi, Láníhùn. Láníhùn dára lọ́kùnrin, ẹnu rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Bí aláǹgbá méjì bá ń gun ògiri, Láníhùn á ta tẹ́tẹ́ lórí èyí tó máa kọ́kọ́ dé òkè. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ ohùn akéde láti inú igbó, ó fi iyán sílẹ̀ nínú àwo, ó tẹ̀lé ohùn náà. A kò rí i mọ́. Nígbà tí àìsàn wá wọ ìyá wa lára tán, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹní.

"Àjàgbé," oríkì mi ló fi pè mí, "n kò bẹ̀ ọ́ fún oògùn. Lọ wá àbúrò rẹ wá fún mi."

"Ẹ má ṣèyọnu, ìyá mi. Bó bá wà nínú àpáta, màá fà á jáde."

"Má ṣakọ fún mi. Gbọ́ mi dáadáa. Bí o bá gbé ère tó ní ojú Láníhùn wá, kò ṣe mí láǹfààní kankan. Mo fẹ́ kó wò mí, kó mọ̀ mí, kó pè mí ní ìyá. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ohun tó bá fẹ́ gbé mi lọ máa gbé mi lọ."

Ohun tó béèrè nìyẹn, ẹ fi sọ́kàn. Kò béèrè ara Láníhùn. Ó ní kó mọ òun.

Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo wọ Igbó Ìfura. Nínú igbó yìí, ẹyẹ kì í kọrin tí kò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn. Bí mo ṣe ń lọ, àwọn igi ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Bí mo bá yíjú padà, wọ́n á dákẹ́. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ, ẹni tí kò níláárí ni wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú bí ọ̀kan nínú wọn, ó ju ẹ̀ka sí mi. Mo gbá ẹ̀ka náà mú, mo fi dáná, mo sun ẹran jẹ níwájú rẹ̀. Ìwà mi nígbà èwe nìyẹn, ẹ má kọ́ ọ.

Mo dé oríta kan. Ẹbọra kan jókòó síbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á nawọ́ sí ọ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Bó bá fẹ́ dákẹ́, á di ẹ̀ṣẹ́. Ó nawọ́ sí mi.

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!" ni mo dáhùn.

"Kí ni a gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ọwọ́ wa sì tún ṣófo ju ti àná lọ?"

Mo ní òtútù ni, ó ní rárá. Mo ní ìmọ̀ràn ọ̀lẹ ni, ó ní rárá. Mo ní bóyá àna tó ń rẹ́rìn-ín jù ni, ọwọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ta sí mi lára. Ni mo bá gbé ìbọn sókè pé bí kò bá sọ ìdáhùn fún mi, òun àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á pínyà.

"Ọdẹ, fi ìbọn rẹ sílẹ̀," ó ní. "Ẹni tó mọ ìdáhùn kì í lọ síbi tí ò ń lọ. Ìwọ tí o kò mọ̀ ọ́n, kọjá."

Ó di ẹ̀ṣẹ́, igbó sì là sí méjì níwájú mi, ọ̀nà gbọọrọ kan yọ, ó mọ́ tónítóní. Ọ̀nà tó ń ṣí fún ẹni tí kò mọ̀, ta ló la á? Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìyá mi wà lórí ẹní, mo sì gba ọ̀nà náà.

Ìlú tí mo já sí, Jókòó-Ná ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó ń dìde níbẹ̀ àfi akéde, baálé kan àti àwọn ọmọ ilé rẹ̀. Àga wà lójú ọ̀nà, àga wà lórí òrùlé, àga wà nínú odò tí omi dé ọrùn àwọn tó jókòó sórí rẹ̀. Bí ará ibẹ̀ bá rí àlejò, kò ní béèrè ibi tó ti ń bọ̀, kò ní béèrè ará ilé, "Jókòó ná" ni yóò sọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìlú wo ló dára tí wọn kì í ti í béèrè ilé? Mo kí wọn lóòró, n kò jókòó.

Ilé Káàdì ló wà láàárín ìlú. Ilé ńlá, kò ní fèrèsé kankan, nítorí wọn kò fẹ́ kí oòrùn bá ẹnikẹ́ni nínú ilé náà sọ̀rọ̀. Akéde dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lu agogo, ó ń pariwo:

"Ọjọ́ ìdíje ni òní o! Ẹni tó bá jókòó kí ìrì tó gbẹ, ọmọ ayò ọ̀fẹ́ ń bẹ fún un! Ẹni tó bá pàdánù láàárọ̀, ìdíje ọ̀sán di ọ̀fẹ́! Ẹni tó bá pàdánù lọ́sàn-án, a ó bẹ̀ ẹ́ kó wá ta ti ìrọ̀lẹ́! Ẹni tí káàdì rẹ̀ dára tí wọ́n tún na án, adìẹ sísun ni tirẹ̀! Ẹni tó bá sì mú ọmọ ìyá rẹ̀ wá, àga onítìmùtìmù ni yóò jókòó lé!"

Ẹ dúró ná. Ìyá Mojíyìn, ẹ̀yin tí ẹ ń ta iyọ̀, ẹ dá mi lóhùn. Ìgbà wo lẹ máa ń bu èènì fún oníbàárà? Lẹ́yìn tó bá ti rajà tán, àbí irọ́ ni? Ó rà á, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ wá bu díẹ̀ lé e pé kó tún padà wá. Láti ìgbà tí a ti dáyé, èènì kì í ṣáájú ọjà. Èmi wá dúró síwájú ilé tí wọ́n ti ń bu èènì kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń tà. Ibi tí wọ́n sì ti ń fún ẹni tó ṣubú ní adìẹ, ilẹ̀ ibẹ̀ ni kéèyàn wò, bóyá wọ́n ti da epo sí i.

Baálé ilé náà jáde wá pàdé mi. Ẹ̀rín-ò-dénú ni orúkọ rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ funfun, eyín rẹ̀ pọ̀, bó bá sì ń rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ kì í mì. Ó kúnlẹ̀ fún mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ọmọ ayò sí mi, àwọn èyí tó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta káàdì.

"Ọdẹ ńlá, ẹ gba ti yín."

"Kí ni mo rà?"

"Ẹ ò tíì ra nǹkan kan, bàbá."

"Kí lẹ wá ń fún mi fún?"

"Ìfẹ́ ni. Ẹ gbà á, Ọdẹ́jìmí."

N kò tíì sọ orúkọ mi fún ẹnikẹ́ni nínú ìlú náà. Irun ọrùn mi dìde. Mo fẹ́ yí padà, àfi bí mo ṣe ń wo inú ilé náà láti èjìká rẹ̀ tí mo rí Láníhùn lórí àga, ó tẹrí sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wọlé láìgba èènì. Mo na ọwọ́, mo gbà á.

Bí àwọn ọmọ ayò náà ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́, nǹkan kan yọ kúrò lórí mi. Mo wá orúkọ odò ẹ̀yìnkùlé wa, n kò rí i. Ìbẹ̀rù mú mi, mo fọwọ́ fún ọmọ ayò kan pinpin, orúkọ odò náà sì padà. Mo fọwọ́ kan òmíràn, mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi. Mo fọwọ́ kan òmíràn, mo rí Láníhùn lọ́mọdé, ó jókòó sí èjìká mi, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá mi láyà. Àṣé orí mi ni wọ́n gé, àṣé ilé mi ni wọ́n bù fún mi ní èènì! Bí ọmọ ayò bá wà lọ́wọ́ mi, mo ní ilé; ẹni tó bá jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi ti kó ilé mi lọ. Ìdáhùn àlọ́ ẹbọra nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n nígbà tí ìmọ̀ kò wúlò mọ́.

Mo sáré bá àbúrò mi. "Láníhùn!"

Ó gbójú sókè. Ọmọ ayò kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó di í mú gírígírí. "Ẹ káàbọ̀, sà," ó ní. "Ẹ jókòó ná."

Ó pè mí ní sà! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n!

"Ìyá ń pè ọ́. Ara rẹ̀ kò yá. Dìde."

"Ìyá ta ni?" ó béèrè, ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń bá àgbà tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sunkún níbẹ̀. Mo fà á lápá, mo wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà náà di ògiri mọ́ wa lójú.

Ẹ̀rín-ò-dénú tẹ̀lé wa, ó ń rọra rìn. "Ẹ má fipá ṣe é, bàbá. Òfin wa kò le. Ẹni tí ọmọ ayò rẹ̀ bá tán pátápátá, ó di ọmọ ilé wa." Ó nàka sí àwọn tó ń gbé omi kiri, ojú wọn dàbí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. "Ẹni tó bá borí nínú ìdíje ìrọ̀lẹ́, yóò kó gbogbo ohun tó jẹ lọ sílé, yóò sì mú ẹ̀bùn kan ṣoṣo lé e, ohunkóhun tó bá wù ú nínú ilé yìí."

"Ǹjẹ́ ẹnìkan borí rí tó sì lọ?"

"Àwọn tó borí pọ̀. Àwọn tó lọ ni kò pọ̀. Ẹ̀bùn tuntun máa ń dé, wọ́n á ní kí àwọn tún jókòó díẹ̀ sí i."

Báyìí ni mo ṣe jókòó, mo sì jókòó pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn. Póka ni àwọn òyìnbó ń pe eré náà; irọ́ tó jókòó ni èmi ń pè é. Wọ́n á dojú káàdì méjì bolẹ̀ fún oníkálukú, wọ́n á tẹ́ márùn-ún kalẹ̀ ní gbangba fún gbogbo wọn. Ẹni tí àwòrán tirẹ̀ bá bá ti ilẹ̀ mu jù ló ni ohun tó wà láàárín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ lè rọ́ ọmọ ayò sílẹ̀ gbàgà, kó fi dẹ́rù ba ẹni tó ní, títí onítọ̀hún á fi ju káàdì rẹ̀ nù.

Iwin méjì ló jókòó pẹ̀lú èmi àti Láníhùn ní tábìlì ìrọ̀lẹ́. Ojú-ò-mì ni ti àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ kò yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Onífìlà ni ìkejì, ó fa fìlà rẹ̀ bo iwájú títí dé àgbọ̀n. Gbogbo àwọn tó ti bá wọn ta ló ń wo ojú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ wọ́n. Èmi kì í wo ojú. Ìgbà tí èmi bá gun ẹ̀gùn, àga ọdẹ lórí igi, tí mò ń ṣọ́ ẹran, ṣé ojú àgbọ̀nrín ni mo máa ń wò? Ojú àgbọ̀nrín a máa purọ́. Etí ni mo máa ń wò, nítorí etí ló kọ́kọ́ ń sá kí ẹsẹ̀ tó sá.

Bí Ojú-ò-mì bá ní káàdì gidi, etí rẹ̀ a sùn. Bó bá ń purọ́, etí òsì rẹ̀ a yí sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Nígbà tó rọ́ òkìtì ọmọ ayò sílẹ̀ tí gbogbo ilé ní hàà, mo wo etí náà, mo ní, "Mo bá ọ dé ibẹ̀." Káàdì lásán tí kò bá ti ilẹ̀ mu ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kó o tán. Onífìlà bo etí tirẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè bo gògóńgò. Bó bá ń purọ́, á gbé itọ́ mì; mo kó tirẹ̀ náà tán. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Rárá, ẹ tún un pa, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ ò pa á dáadáa.

Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n èrè náà kò dùn mọ́ mi. Ọmọ ayò tí mo jẹ lọ́wọ́ wọn, ilé àwọn ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn wọ́n, mo rántí ìyá tí kì í ṣe ìyá mi, ó ń pe ọmọ kan tí kì í ṣe èmi pé kó wá wẹ̀. Mo rántí àtẹ́gùn etí òkun, èmi tí n kò dé etí òkun rí. Ẹ̀rù ara mi bà mí.

Àwa méjì ló kù wàyí, èmi àti àbúrò mi, tó ń fi ọmọ ayò kan ṣoṣo sá kiri láti òwúrọ̀. Ẹ̀rín-ò-dénú lu agogo. "Ẹ̀bùn ìkẹyìn ọjọ́ òní! Nínú eré tó kẹ́yìn, ọmọ ayò ẹyọ kan àti òkìtì dọ́gba! Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ, ó jẹ gbogbo rẹ̀." Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó ti rò ó tán.

Wọ́n pín káàdì. Mo ṣí tèmi wò: ọba méjì. Wọ́n tẹ́ ti ilẹ̀, ọba kan tún wà níbẹ̀. N kò nílò etí Láníhùn láti mọ̀ pé mo ti jẹ ẹ́; ọba mẹ́ta ni mo ní. Mo jókòó, mo sì ro ọ̀rọ̀ náà bí àgbà ṣe ń rò ó. Bí mo bá jẹ, màá yan Láníhùn ní ẹ̀bùn, wọn kò lè dí mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ayò tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀ á di tèmi, orí rẹ̀ á ṣófo, ère tó ní ojú Láníhùn ni màá gbé lọ fún ìyá mi. Bó bá jẹ́ òun ló jẹ, gbogbo ilé mi á bọ́ sí i lórí, ilé mi sì ni ilé rẹ̀. Á mọ ìyá. Á mọ èmi náà. Èmi ni n kò ní mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó sì kù sí ọwọ́ rẹ̀ láti yan ẹ̀bùn. Ọ̀tatẹ́tẹ́ ni Láníhùn, ẹ rántí. Èmi tí n kò gbẹ́kẹ̀ lé àga tí mo jókòó lé, ṣé mo wá fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀tatẹ́tẹ́?

"Bàbá, ẹ ṣí i," Ẹ̀rín-ò-dénú sọ, ó ń yọ̀. "Ẹ ti jẹ. Mo rí i lójú yín."

Mo dojú ọba mi méjèèjì bolẹ̀. Mo tì wọ́n sí àárín. "Mo ju tèmi nù," ni mo wí.

Ó pariwo pé irọ́ ni, ó fẹ́ ṣí káàdì mi, mo fi ọwọ́ lé e. Láníhùn kó òkìtì náà mọ́ra. Ohun tí mo rántí kẹ́yìn ni òórùn ẹ̀fínrín, lẹ́yìn náà n kò mọ ohun tí ẹ̀fínrín ń ṣe nínú ayé mi. Mo wà nínú ilé kan tí kò ní fèrèsé. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níwájú mi, omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

N kò gbà á gbọ́. Ta ni í ṣe?

Ẹ̀rín-ò-dénú ń yí i ká. "Yan ẹ̀bùn rẹ, akọni! Ṣé ààfin ni? Àbí àga wúrà? Ìdíje ńlá sì ń bọ̀ lọ́la o, bí o bá dúró, ìlọ́po méjì ni!" Mo rí i pé ojú ọ̀dọ́kùnrin náà tàn nígbà tó gbọ́ ìdíje ńlá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ó tàn. Ó wo tábìlì. Ó pa ètè rẹ̀ lá. Ó wá wo èmi, ó sì nàka sí mi.

"Eléyìí ni mo fẹ́."

"Ẹni tó pàdánù?" ni baálé ilé náà béèrè. "Kò wúlò fún nǹkan kan mọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ó wí. Kò sí ẹni tó ti yan irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé náà, wọn kò sì ní òfin tí wọ́n lè fi dá a dúró. Ògiri là.

Ó ń lọ níwájú, mo ń tẹ̀lé e, mo kọjú ìbọn sí ẹ̀yìn rẹ̀ jálẹ̀ gbogbo ọ̀nà. Ó mọ̀, kò sì yíjú padà. Ó ń sọ fún mi pé ìyá wa ń ṣàìsàn, pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, òun ló ń bá mi rántí rẹ̀ báyìí. Ó kọ́ mi ní ohun tí màá sọ tí a bá délé. Mo ń ronú pé bóyá iwin ni, tó ń mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ jẹ mí.

A wọ ilé kan. Obìnrin arúgbó kan wà lórí ẹní. Ọ̀dọ́kùnrin náà ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi! Àwẹ̀ró, ìyá mi!" Obìnrin náà di orí rẹ̀ mú, ó ń sọ oríkì rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń já. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ọwọ́ wọn.

Ó wá pè mí. "Àjàgbé."

Mo bọ́ síwájú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. "Ìyá mi, mo ti dé. Mo mú un wá bí ẹ ṣe wí." Iṣan kan kò mì lójú mi.

Ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n mi sókè, ó wò mí pẹ́.

"O ò mọ̀ mí," ó ní.

"Mo mọ̀ yín, ìyá mi."

"Má purọ́ fún mi, ọmọ mi. O ò mọ̀ mí."

Omi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ ẹni tí mò ń sunkún fún.

"Kò burú," ó ní. "Lọ́jọ́ tí mo bí ọ náà, o ò mọ̀ mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́. Súnmọ́ mi."

Mo súnmọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí fún mi, láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, àìsàn náà sì dúró dè é títí ó fi sọ ọ́ tán.